Gìtá Kan, Ohùn Blues: Èwo Nínú Àwọn Àtúnṣe Yìí Ló Bá Tiyín Mu?

Ọ̀pọ̀ gìtá oníná tó wà lọ́wọ́ àwọn onígìtá Èkìtì, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wà níbi ìnáwó, wọ́n ń fi ta jùjú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ilé bá wá dákẹ́ lálẹ́, ẹni tó ni ín á fẹ́ fi ta blues. Iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ ń fẹ́ ohùn tó mọ́ kedere, tí kò ní sọnù sáàárín kíbọ́ọ̀dù àti ìlù. Ohun tí blues ń fẹ́ yàtọ̀: kí àárín ohùn nípọn, kí òkè rẹ̀ má ta létí, kó sì máa há díẹ̀ bí ọwọ́ bá le. Nítorí náà, ìbéèrè méjì la ó máa bi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: ṣé ó mú blues wá, ṣé ó sì lè dá ohùn àná padà? Èyí tó bá fúnni ní blues tó sì gba jùjú lọ títí láé, kò ṣe ẹni tó ní gìtá kan ṣoṣo lóore.

A gbà pé irú Stratocaster (Strat) olówó pọ́ọ́kú ló wà lọ́wọ́ yín: píkọ́ọ̀pù single-coil mẹ́ta (mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé kọ́ìlì wáyà kan mọ́, òun ló ń gbọ́ okùn), súwíìsì olójú márùn-ún, fọ́líùmù kan, tóònù méjì. Irú ẹ̀ ló pọ̀ jù nígboro. Bí tiyín bá yàtọ̀, a ó máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà.

Èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀

Kí ẹ tó ronú kan irin sódà rárá, ẹ wo bí píkọ́ọ̀pù ṣe ga tó. Ẹ tẹ okùn kẹfà mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn pátápátá, kí ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ìsàlẹ̀ okùn náà àti orí irin píkọ́ọ̀pù. Ẹ ṣe bákan náà fún okùn kìíní. Fún single-coil, 2.4 mm lábẹ́ okùn kẹfà àti 2 mm lábẹ́ okùn kìíní dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Fún humbucker (píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì méjì), 1.6 mm lábẹ́ méjèèjì. Bí píkọ́ọ̀pù single-coil bá sún mọ́ okùn jù, mágínẹ́ẹ̀tì á máa fa okùn mọ́ra. Ohùn á le, kò ní pẹ́ kó tó kú, okùn nínípọn á sì máa gbọ̀n bíi pé ohùn méjì ń jà nínú rẹ̀ bí ẹ bá ta á ní òkè fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá. Àwọn kan á ní ọrùn gìtá ló ti wọ́, wọ́n á sanwó fún ẹni tó ń tún ọrùn ṣe, bẹ́ẹ̀ síkúrù méjì péré ló yẹ kí wọ́n yí. Ẹ sọ píkọ́ọ̀pù ti ẹ̀bá ọrùn kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé ti ẹ̀bá bíríìjì (irin tí okùn gbé lé lára gìtá) ga ju ti ọrùn lọ, títí tí méjèèjì á fi ké bákan náà nígbà tí ẹ bá yí súwíìsì.

Wáyà tó so gìtá mọ́ áńpù náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mítà kan wáyà sábà máa ń ní nǹkan bíi 100 pF nínú (bí kàpásítọ̀ kékeré tó ń jẹ tírẹ́bù). Wáyà mítà 6 á jẹ́ 600 pF, ìyẹn sì tó láti mú orí ohùn single-coil rọ̀. Ẹni tí gìtá rẹ̀ ń ta létí, kó fi wáyà gígùn dán an wò kó tó ra píkọ́ọ̀pù. Ẹni tí humbucker rẹ̀ ti ṣókùnkùn jù, wáyà mítà 3 ni kó lò. Àtúnṣe tí ẹ lè fà yọ kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Okùn 9, 10 tàbí 11

Okùn 9, ìyẹn .009 sí .042, ló sábà máa ń wà lórí gìtá tuntun olówó pọ́ọ́kú. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó 648 mm, bí irú Stratocaster ṣe rí, okùn kìíní .009 ń fa agbára tó tó kílò 6; .010 ń fa kílò 7.3; .011 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 9. Irin tó pọ̀ sí i lókè píkọ́ọ̀pù túmọ̀ sí ohùn tó nípọn sí i, okùn náà kò sì ní máa yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ tó bá ta á gidi. Àmọ́ blues láìfa okùn sókè kì í ṣe blues, ìka tó ń fa kílò 9 á sì mọ̀ ọ́n lára. Ọgbọ́n tí Stevie Ray Vaughan, onígìtá blues ọmọ Amẹ́ríkà, dá ni pé ó ń sọ gbogbo okùn kalẹ̀ ní sẹ́mítóònù kan, ìyẹn fúrẹ́ẹ̀tì kan. Sísọ ọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dín agbára fífà kù ní nǹkan bí 11 nínú 100, tí .011 á fi wá sí nǹkan bíi kílò 7.9. Ó dára nínú yàrá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, níbi tí olórin ti ń yí kí (key) padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnnì transpose. Orí yín nìkan ni gìtá fi ń ṣe tirẹ̀.

Okùn 10 la fọwọ́ sí fún ẹni tó ní gìtá kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn tutù sí i, ẹ wá èyí tí nickel gidi wà lára rẹ̀ dípò èyí tí wọ́n kàn fi nickel bò. Òkè rẹ̀ kì í dán tó bẹ́ẹ̀.

Fífò láti 9 sí 11 kì í ṣe ọ̀rọ̀ okùn nìkan. Bíríìjì tó ń léfòó á gbé ẹ̀yìn sókè, nítorí náà ẹ fún síkúrù méjì tó di sípíríǹgì mú lẹ́yìn gìtá, tàbí kí ẹ fi sípíríǹgì kan kún un. Ọrùn á tẹ̀ síwájú: ẹ yí irin inú ọrùn ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nǹkan bíi 0.25 mm láàárín okùn àti fúrẹ́ẹ̀tì keje ni à ń wá, nígbà tí ẹ bá tẹ okùn mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń tún ohùn ṣe tí okùn sì ń dún “píń” lẹ́bàá nọ́ọ̀tì (ègé oníhò tí okùn gbà kọjá lórí ọrùn), ojú ihò nọ́ọ̀tì ti há jù fún un. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù kun inú ihò náà kó lè máa yọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fáìlì rẹ̀. Ẹ tún wo ọrùn náà lásìkò ọyẹ́. Igi á gbẹ, á sún kì, etí fúrẹ́ẹ̀tì á máa gún ọwọ́, àlàfo tí ẹ wọ̀n lásìkò òjò kò sì ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Inú gìtá: ibi tí owó kékeré ti ń ṣiṣẹ́ ńlá

Láti 1954 tí Stratocaster ti jáde, tóònù kan wà fún píkọ́ọ̀pù ọrùn, èkejì wà fún ti àárín, ti bíríìjì kò ní rárá. Ìdí tí bíríìjì fi máa ń gún etí bí abẹ́rẹ́ nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ onígìtá kì í fi í fọwọ́ kàn án. Wáyà tí kò ju 3 cm lọ ló máa tún un ṣe. Ẹ tú okùn lọ, kí ẹ yọ síkúrù pílásítíìkì iwájú (mọ́kànlá ni wọ́n lórí ọ̀pọ̀ gìtá òde òní), kí ẹ sì dà á délẹ̀ jẹ́jẹ́. Súwíìsì ní ìhà méjì: ìhà kan ń lọ sí fọ́líùmù, èkejì ń lọ sí àwọn tóònù. Ní ìhà tóònù, ẹ máa rí ẹsẹ̀ kan tí wáyà tóònù kejì wà lórí rẹ̀, ẹ ó sì rí ẹsẹ̀ kan tó ṣófo. Ẹ fi wáyà kékeré náà so méjèèjì pọ̀. Ó tán. Bí súwíìsì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dì pa sínú páálí pílásítíìkì tí ẹsẹ̀ mẹ́jọ tò sórí ìlà kan, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n. Ẹ yí i sí bíríìjì, kí ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí ibi tó máa ń dún, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sórí ẹsẹ̀ àjùmọ̀lò ìhà tóònù, kí ẹ máa fi ẹnu kejì wá ẹsẹ̀ tó máa mú un dún. Ẹsẹ̀ bíríìjì nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá fi tóònù kejì sí 5 tàbí 6 tí ẹ wà lórí bíríìjì, ohùn tó máa jáde á ní ara, á sì lè ké láìgún etí. Ẹ dá a padà sí 10 fún jùjú. Ìyàtọ̀ tó kù sí ti àtijọ́ kò tó nǹkan. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí, òun là bá kọ́kọ́ ṣe.

Pọ́ọ̀tù ló kàn, ìyẹn ohun tí ẹ ń yí lábẹ́ fọ́líùmù àti tóònù: 250k tàbí 500k (k jẹ́ ẹgbẹ̀rún ohm). Pọ́ọ̀tù kékeré ń jẹ́ kí tírẹ́bù jò lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ńlá ń dá a dúró. 250k ló bá single-coil mu, 500k ló bá humbucker mu. Àwọn gìtá kan wà tó jẹ́ pé 500k ni wọ́n kó sínú wọn pẹ̀lú single-coil, èèyàn á wá máa bú píkọ́ọ̀pù. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀: A250K, B500K àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí àkọlé, ẹ tú wáyà tó ti súwíìsì wá kúrò lára fọ́líùmù kí ẹ tó fi mítà wọn ẹsẹ̀ méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́, torí bí píkọ́ọ̀pù bá ṣì wà lórí rẹ̀, nǹkan bíi 6k ni mítà máa fi hàn yín, ìyẹn sì jẹ́ ti píkọ́ọ̀pù. Èyí tí wọ́n kọ 250k sí lára lè jẹ́ 200k tàbí 300k ní tòótọ́. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn. Bí ẹ bá lè yan, ẹ fi èyí tó kéré sílẹ̀ fún gìtá tó ń ta létí.

Àṣìṣe kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò àti áńpù ṣe. Fọ́líùmù áńpù ló wà nílẹ̀, 50k tàbí 100k, wọ́n á sì fi sínú gìtá nítorí pé ó wọ ihò. Á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ gìtá náà á dákẹ́, á sì ṣókùnkùn bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Kì í ṣe blues nìyẹn. Ẹ tún wo lẹ́tà tó ṣáájú: A ni kí ẹ rà fún fọ́líùmù. Ti B kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà láti 10 wá sí 4, á wá já lulẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta blues fẹ́ fi ìka kékeré yí fọ́líùmù sókè sódò láàárín orin.

Kàpásítọ̀ tóònù kò yẹ kó gba àkókò yín tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń jẹ́ kó gbà á. 104 jẹ́ 0.1 µF, 473 jẹ́ 0.047, 223 jẹ́ 0.022, 103 jẹ́ 0.01. Bí tóònù bá wà lórí 10, ìyàtọ̀ wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ìgbà tí ẹ bá yí i wálẹ̀ ni 104 á rì ohùn sínú ẹrẹ̀, tí 473 á ṣókùnkùn, tí 223 á fi àárín ohùn sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀. 223 là ń lò fún blues. Ẹ lè yọ ọ́ lára pátákó rédíò àtijọ́ bó bá jẹ́ irú pólíẹ́sítà, ẹ kàn kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. 50V tàbí 100V tí wọ́n kọ sí i kò ṣe nǹkan kan, torí iná tó wà nínú gìtá kò tó nǹkan. Ti olówó gọbọi tí wọ́n ń polówó rẹ̀ pé epo ló wà nínú rẹ̀, owó tó bá kù yín ni kí ẹ fi rà á.

Ẹ̀rọ méjì ló ń jà fún ipò kan nínú fọ́líùmù. Ẹni tó bá yí fọ́líùmù wálẹ̀ kí ohùn lè mọ́ máa ń rí i pé tírẹ́bù náà bá a lọ. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni wáyà ọdún 1950s: ẹ yọ wáyà tó ń lọ sí tóònù kúrò ní ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọlé sínú fọ́líùmù, kí ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ àárín, níbi tó ti ń jáde. Kò ná yín ní nǹkan kan, ohùn á sì rọlẹ̀ láìṣókùnkùn. Ohun tó fi ń gbowó ni pé bí ẹ bá yí tóònù, fọ́líùmù náà á rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kàpásítọ̀ 680 pF tí ẹ so ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 150k, kí ẹ fi wọ́n sí àárín ẹsẹ̀ ìwọlé àti ẹsẹ̀ àárín fọ́líùmù. Tírẹ́bù á dúró gidi. Ẹ má fi kàpásítọ̀ nìkan síbẹ̀ láìsí rẹsísítọ̀, torí ní fọ́líùmù 3 ohùn á dún bí agolo. Ẹni tó ń ta jùjú púpọ̀, kó mú èkejì. Ẹni tí blues bá wà lọ́kàn rẹ̀ jù, ti 1950s ló dùn. Orí gìtá Gibson ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó wọ Strat náà, bó ṣe jẹ́ pé wáyà tóònù Strat ti ara súwíìsì wá, ẹsẹ̀ àjùmọ̀lò ìhà tóònù ni ẹ ó yà kúrò lára fọ́líùmù, kí ẹ fa wáyà tuntun wá sí i láti ẹsẹ̀ àárín.

Píkọ́ọ̀pù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Single-coil (irú Strat) | P-90 (single-coil fífẹ̀ ti Gibson) | Humbucker irú àtijọ́ |
|---|---|---|---|
| Ìgbà tó dé | Strat, 1954 | 1946 | 1957 lórí gìtá Gibson |
| Ohun tí mítà kà | 5.5k sí 6.5k | 7k sí 9k | 7k sí 8.5k |
| Pọ́ọ̀tù | 250k | 500k | 500k |
| Ohùn | ó mọ́, ó ń dán, àárín rẹ̀ tínrín | ó há, ó gbójú, àárín rẹ̀ kún | ó nípọn, ó rọ̀, ó ń pẹ́ nílẹ̀ |
| Kíkùn | ó ń kùn | ó ń kùn jù ú lọ | kì í kùn |
| Fún jùjú | òun ló dára jù | ó ṣeé ṣe | àfi tí ẹ bá ní wáyà mẹ́rin |
| Wíwọ inú Strat | ó ti wà níbẹ̀ | àfi irú tó ní ara humbucker | àfi bí ihò bá fẹ̀ |

Nọ́ńbà tí mítà kà kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára. Ó kàn ń sọ bí wáyà inú rẹ̀ ṣe gùn tó, tó sì tínrín tó ni. Ẹ má fi 8k humbucker wé 8k P-90.

Etí la fi ń yàn, ẹ kàn gbọ́ àwọn tó ti lò wọ́n. Buddy Guy lórí Stratocaster, Muddy Waters lórí Telecaster: single-coil ni méjèèjì, ó sì hàn pé blues kò kórìíra ohùn tó mọ́. T-Bone Walker àti Freddie King àtijọ́ lo P-90. B.B. King lo humbucker lórí gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo díẹ̀, ó sì máa ń ki aṣọ sínú ihò rẹ̀ kó má baà máa ké fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpù. Bí ohùn blues tó ń pè yín bá jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́ yìí, píkọ́ọ̀pù tí ẹ ní ti tó. Inú wáyà àti okùn ni kí ẹ ná owó yín sí.

Ohun tó ń pinnu fún ọ̀pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í tilẹ̀ ṣe ohùn. Iná ni. NẸ́PÀ mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ilé mìíràn, inverter ló ń gbé áńpù. Single-coil á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ariwo méjì ló wà, oògùn wọn kò sì dọ́gba. Èyí tó ń kùn “hùùù” nísàlẹ̀ jẹ́ 50 Hz àti èyí tó ń tẹ̀ lé e, ó ń ti ara tíránsífọ́mà jáde gẹ́gẹ́ bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń ṣe “sììì” tínrín lókè ń ti ara gílóòbù LED, inverter àti ṣájà wá. Ẹ dì gìtá mú kí ẹ yí ara yín díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo bá ń dínkù tó sì tún ń pọ̀ bí ẹ ṣe ń yí, ti àkọ́kọ́ ni. Bí ó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, ti kejì ni.

Lílẹ fọ́ìlì sí inú gìtá ń wo ti kejì sàn. Kò lè ṣe nǹkan kan fún ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó lè ṣe é kò tíì dán an wò. Fún fọ́ìlì, tépù kọ́pà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń gbé iná ló dára jù: ẹ lẹ̀ ẹ́ sí gbogbo inú ihò àti ẹ̀yìn pílásítíìkì, kí ègé kan gun orí èkejì ní 5 mm, kí ẹ fi mítà wò ó pé ègé kọ̀ọ̀kan bá èkejì sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi wáyà kan so ó mọ́ ẹ̀yìn fọ́líùmù. Fọ́ìlì ilé ìdáná náà ṣiṣẹ́, àmọ́ sódà kì í mú un. Síkúrù àti rìǹgì wáyà lẹ máa fi dì í. Kí fọ́ìlì má kan ẹsẹ̀ súwíìsì tàbí ti jáàkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gìtá á yadi nígbà tí ẹ bá dé e padà.

Fún ti àkọ́kọ́, kọ́ìlì méjì nìkan ló ń pa á. Bí píkọ́ọ̀pù àárín yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n wé ní òdìkejì, ojú kejì àti ìkẹrin lórí súwíìsì kì í kùn, ẹ lè dúró síbẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ra irú tó ga bíi single-coil tó sì ní kọ́ìlì méjì tí ọ̀kan gun èkejì: ó wọ ihò tó wà nílẹ̀, kò sì ní kí ẹ gbẹ́ igi. Ohùn rẹ̀ máa ń pàdánù dídán díẹ̀, èyí tí blues kò ní bínú sí. P-90 ńkọ́? Nínú yàrá tó dákẹ́, òun là bá fi gbogbo ara yàn. Níbi ìnáwó tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa kábàámọ̀.

Bí ẹ bá pinnu pé humbucker ni, ẹ kọ́kọ́ tú pílásítíìkì wo ihò abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti gbẹ́ ihò fífẹ̀ kan sí, pílásítíìkì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Ẹ ra èyí tó ní wáyà mẹ́rin, pẹ̀lú pọ́ọ̀tù tó ń fà sókè. Àwọ̀ wáyà kì í dọ́gba láàárín ilé iṣẹ́: ti Seymour Duncan, dúdú ni ohùn, pupa àti funfun lẹ máa so pọ̀, ewé àti wáyà tí kò wọṣọ ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ti DiMarzio, pupa ni ohùn, dúdú àti funfun lẹ máa so pọ̀, ewé ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ti ọ̀kan ṣe ti èkejì.

Ohun tí pọ́ọ̀tù náà máa ń ṣe ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì yàn. Wọ́n máa ń ní kó gé kọ́ìlì kan kúrò: 8k á di 4k, ohùn á tínrín bíi single-coil, kíkùn á sì padà wá. Èyí tó bá wa mu níbí ni kó fi kọ́ìlì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: mítà á ka nǹkan bíi 2k, ohùn á mọ́ á sì dán tó láti ta jùjú, kò sì ní kùn rárá. Ẹ fà á sókè fún ìyìn, ẹ tì í wálẹ̀ fún blues.

Ohùn aránmú Peter Green

Les Paul 1959, gìtá Gibson tí Peter Green, onígìtá blues ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ní ohùn kan tó ń ránmú, tó ṣófo láàárín, nígbà tí píkọ́ọ̀pù méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ti ọrùn ló dojú kọ òdìkejì, tí ohùn méjèèjì fi ń pa ara wọn díẹ̀. Gìtá tó ní humbucker méjì àti fọ́líùmù méjì ló yẹ, torí sísọ fọ́líùmù kan kalẹ̀ sí 7 tàbí 8 ló ń dá ara padà fún ohùn náà. Lórí Strat kò wúlò: fọ́líùmù kan ṣoṣo ló wà, ohùn á kàn tínrín ni. Ẹ tún rántí pé ojú àárín tí ó gbà lọ ni ọ̀pọ̀ fi ń ta jùjú.

Bí wáyà bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ wáyà ohùn àti ti ẹ́ẹ̀tì, kí wáyà tí kò wọṣọ dúró sí ẹ́ẹ̀tì; pọ́ọ̀tù tó ń fà sókè lè mú kó máa lọ kó máa bọ̀. Bí wáyà bá jẹ́ ẹyọ kan tí irin híhun bò, ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀, torí ìbòrí irin píkọ́ọ̀pù á di ohùn, á sì máa pariwo bí ọwọ́ bá kàn án. Mágínẹ́ẹ̀tì lẹ máa yí. Ẹ dẹ síkúrù mẹ́rin abẹ́ rẹ̀ láìyọ wọ́n tán, kí ẹ fi máákà sàmì sí etí gígùn kan mágínẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tì í jáde, kí ẹ yí i kí etí tó ní àmì dojú kọ kọ́ìlì kejì. Àwọn kan máa ń gbé e ní orí sí ìdí kí ìsàlẹ̀ di òkè, wọ́n á sì rò pé wọ́n ti yí i. Etí náà ṣì dojú kọ ibi tó ti wà, kò sì sí nǹkan tó yí padà. Ẹ má fi irin kan kọ́ìlì: wáyà rẹ̀ kò nípọn ju 0.063 mm lọ, bó bá já, píkọ́ọ̀pù ti kú nìyẹn.

Sódà, àti ohun tó ń bàjẹ́

Irin sódà oní 40W fún ẹ̀yìn pọ́ọ̀tù, 25W sí 30W fún ẹsẹ̀; lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó ní oje nínú, 0.8 mm. Ẹ má lo oje ásíìdì tí àwọn tó ń jó rediétọ̀ ń lò, á jẹ kọ́pà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ̀yìn pọ́ọ̀tù ń dán, sódà kì í fẹ́ mú un: ẹ fi ìwé yanrìn há a, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pa á lára kí ẹ tó gbé wáyà sí i. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó. Ẹni tó bá fi irin kékeré tí ooru rẹ̀ kò tó jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ti sun kábọ́ọ̀nù inú pọ́ọ̀tù, á sì máa há “kráà-kráà” bí ẹ bá yí i. Sódà tó mú gidi á dán. Èyí tó bá ṣú bí eérú kò mú, ẹ tún un yọ́.

Kí ẹ tó dé gìtá padà, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ tan áńpù díẹ̀, kí ẹ fi ẹnu síkúrúdíráfà kan orí irin píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan nígbà tí súwíìsì wà lórí rẹ̀: “tọ́ọ̀” tó lágbára gbọ́dọ̀ jáde. Bí ojú kejì tàbí ìkẹrin bá wá tínrín bí ohùn fóònù, ẹ ti yí wáyà píkọ́ọ̀pù kan sódì. Ẹ fi mítà wò ó: ẹ gbé e sí 20k, ẹ fi irin kan orí píkọ́ọ̀pù, kí ẹ já a gbà kíá. Nọ́ńbà á fò sókè tàbí sísàlẹ̀. Gbogbo píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ fò sí apá kan náà.

Wáyà tó lọ láti ẹ̀yìn fọ́líùmù sí bíríìjì, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Bó bá já, gìtá á máa pariwo, kò sì ní dákẹ́ mọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ fọwọ́ kan okùn. Ìdí mìíràn wà láti mọ ibi tí wáyà yẹn dé. Òun ló so okùn yín mọ́ ẹ́ẹ̀tì áńpù. Bí wọ́n bá gé pín-ìn ẹ́ẹ̀tì áńpù kúrò, tí máíkì sì wà lórí míkísà tó ń jẹ iná ibòmíràn, iná lè gba ètè wọlé kó gba ọwọ́ jáde. Kí ẹ tó kọrin níbi tí ẹ kò mọ̀, ẹ fi mítà sórí AC 750V, ẹnu kan lórí okùn, ẹnu kejì lórí irin máíkì. Bí ó bá ka ju fóòtì (V) díẹ̀ lọ, ẹ má fẹnu kàn án títí wọ́n á fi kó gbogbo ẹ̀rọ sórí ẹ̀ka iná kan tó ní ẹ́ẹ̀tì.